Ẹja àti ẹyẹ ń tán lórí odò yín? Bí ẹ ó ṣe dá wọn padà, láti orí kíkà dé orí ọmọ ẹja dídà

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn: "Ẹja báyìí-báyìí ti fẹ́ tán nínú odò wa. Ṣé kí á sin ọmọ rẹ̀, kí á dà á sómi?" Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tó pa àwọn ti àná ṣì wà nínú odò yẹn, òun náà ni yóò pa àwọn ọmọ tuntun. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ẹja dídà fi wà ní ìgbésẹ̀ kẹjọ nínú ìtọ́sọ́nà yìí, tí kíkà àti ètò omi sì ṣáájú rẹ̀.

Ohun kejì tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé wọ́n á gbé ẹja fún àjọ kan, wọ́n á gbé ẹyẹ fún òmíràn, àjọ méjèèjì kò sì ní jọ sọ̀rọ̀. Omi kan náà ni ẹja àti ẹyẹ ń gbára lé. Omi tí ẹ tú sílẹ̀ kí ẹja lè yé lè gbé ẹyin ẹyẹ lọ láàárín òru kan. Ẹ jọ ṣètò wọn lórí tábìlì kan.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan omi

Ẹ yẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí wò. Bí ọ̀kan bá kù, ẹ wá a ná.

- Ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń bójú tó ẹranko àti ẹja. Mímú ẹ̀yà tí òfin dáàbò bò, gbígbé ẹyin rẹ̀ tàbí sísún mọ́ ìtẹ́ rẹ̀ láìgba àṣẹ lè di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, kódà bó jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbà á là ni.
- Ẹni tó mọ ẹja, ẹni tó mọ ẹyẹ, àti ẹni tó mọ bí omi odò náà ṣe ń ṣàn.
- Ẹni tó ń ṣàkóso ìdídò (dáàmù) tó wà lókè odò. Bí kò bá sí nínú ìpàdé yín, ẹ kò tíì ní ètò.
- Àwọn apẹja àti àgbẹ̀ tó ń fa omi nínú odò náà. Àwọn ló mọ ibi tí ẹja ń sá sí nígbà tí omi bá fà.
- Owó àti òṣìṣẹ́ tó lè dúró fún ọdún mẹ́wàá ó kéré tán. Ẹja mìíràn kì í tètè dàgbà: abo Pallid Sturgeon lè tó ọmọ ọdún 15 kí ó tó yé ẹyin àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta kò lè sọ fún yín bóyá ẹ ti ṣe é tàbí ẹ kò ṣe é.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ohun tó kù

Ẹ fi ọdún mẹ́ta kà kí ẹ tó yí ohunkóhun padà, bí ipò náà bá fàyè gbà á. Ọdún kan kò tó, nítorí ọdún tí òjò pọ̀ àti ọdún tí ọ̀gbẹlẹ̀ wà kì í jọ ara wọn. Ẹ yan ibì kan tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn, kí ẹ máa kà á pẹ̀lú ibi tí ẹ ń tún ṣe. Láìsí ìyẹn, ẹ kò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ yín ló mú ẹja pọ̀ tàbí ọdún tó dára ni.

Fún ẹja, ọ̀nà tó rọrùn jù nìyí:

1. Ẹ mú ẹja, ẹ fi àmì sí wọn lára, ẹ dá wọn padà sómi láàyè. Ká ní ẹ fi àmì sí 100.
2. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sílẹ̀ kí wọ́n lè dà pọ̀ mọ́ àwọn yòókù.
3. Ẹ tún mú ẹja. Ká ní ẹ mú 80, tí 16 nínú wọn sì ní àmì.
4. Ẹ fi ẹyọ kan kún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣe é báyìí: 101 × 81 ÷ 17, kí ẹ wá yọ 1 kúrò. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 480. Iye ẹja tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Bí àwọn tó ní àmì tí ẹ tún rí mú kò bá tó 7, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà náà. Ẹ padà lọ mú sí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ máa sọ àwọ̀n sí ojú ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ẹja tí kò kúrò níbẹ̀ ni ẹ ó máa mú ṣáá, iye tí ẹ ó sì rí yóò kéré ju òótọ́ lọ. Tí àmì bá ń já bọ́ kúrò lára ẹja, ìdàkejì rẹ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀: odò yóò dà bíi pé ó kún ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, àmì ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún sínú ara ẹja ló dára jù. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni kálukú wọn ń gbé kiri, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ kà á lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ẹja náà bá ti ṣọ̀wọ́n débi pé àwọ̀n kò rí i mọ́, ẹ bu omi odò sínú ìgò mímọ́, kí ẹ gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò tó lè wá àbùdá (DNA) ẹja nínú omi. Yóò sọ fún yín bóyá ẹja náà wà nítòsí. Kò lè sọ iye rẹ̀.

Fún ẹyẹ, ìtẹ́ ni kí ẹ máa kà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lásìkò ìyé. Bí ẹ bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwọn ìtẹ́ tó bàjẹ́ ní ọjọ́ kẹta kò ní sí nínú ìwé yín, ẹ ó sì rò pé gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá lé ìyá dìde lórí ẹyin ní ọ̀sán gangan lórí iyanrìn gbígbóná, ẹyin náà lè jóná kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wá ibi tí ẹ̀mí ti ń bọ́

Ní ojú tiwa, ìgbésẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fò jù nìyí, òun ló sì ń ná wọn lówó jù. Ẹja àti ẹyẹ ń gba ipele mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó dàgbà. Ipele kan ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀fun tóóró. Owó tí ẹ bá ná sórí àwọn ipele yòókù kò ní fi ẹyọ kan kún wọn.

- Àgbà wà, ẹyin kò sí. Ìdídò lè ti dí ọ̀nà wọn dé ibi ìyé. Omi lè tutù jù, ó sì lè jẹ́ pé odò kì í kún mọ́ ní àkókò tó yẹ, tó fi jẹ́ pé wọn kò gbọ́ ìpè.
- Ẹyin wà, kò pa. Ẹ wo ìsàlẹ̀ omi. Ẹrẹ̀ ti bo òkúta wẹ́wẹ́, atẹ́gùn ọ́síjìn kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹyin. Tàbí kẹ̀, omi fà lójijì, ẹyin wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ.
- Ó pa, ṣùgbọ́n ọmọ kì í dàgbà. Ẹ wá àwọn ẹja àjèjì tó ń jẹ wọ́n, ẹ wá ẹ̀rọ tó ń fa omi sí oko, kí ẹ sì béèrè ibi tí àbàtà tí wọ́n ń sá sí wà tẹ́lẹ̀.
- Ọmọ ń dàgbà, àgbà kò pẹ́ láyé. Àwọ̀n, ìwọ̀, májèlé, ẹ̀rọ tó ń fi omi ṣe iná. Tó bá jẹ́ ẹyẹ, wáyà iná àti òjé.

Ẹja Razorback Sucker ní odò Green, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, fi èyí hàn dáadáa. Àgbà wà, wọ́n ń yé, ẹyin sì ń pa. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí ẹnikẹ́ni kò fi rí ọmọ tó dàgbà. Ẹja àjèjì ń jẹ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ náà, àbàtà tí wọn ì bá sì ti sá sí kò sí lójú ọ̀nà omi mọ́. Ẹni tó bá lọ tún ibi ìyé wọn ṣe ti ṣe iṣẹ́ asán.

Kí ẹ máa wọn omi bí ẹ ṣe ń wá ìdí: ọ́síjìn àti ooru rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹja odò kò ní ìsinmi bí ọ́síjìn bá lọ sísàlẹ̀ mílígíráàmù 5 nínú lítà kan. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́. Òru ni ewéko inú omi máa ń lo ọ́síjìn láìmú òmíràn jáde, nítorí náà nọ́ńbà tí ẹ bá wọ̀n lọ́sàn-án yóò tàn yín jẹ.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ àdéhùn omi sílẹ̀

Ẹnu lásán kò mú omi sọ̀kalẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: iye omi tí wọn yóò fi sílẹ̀ nínú odò, oṣù tí wọn yóò fi í sílẹ̀, ẹni tí yóò tú u, àti ohun tí wọn yóò ṣe lọ́dún tí òjò kò bá tó.

Ẹ lè wo odò Platte. Ní 2007, ìpínlẹ̀ mẹ́ta, Colorado, Wyoming àti Nebraska, pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ṣoṣo nítorí ẹyẹ mẹ́ta àti ẹja kan: Whooping Crane, Piping Plover, Least Tern àti Pallid Sturgeon. Ohun tó jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ni ìdídò gbà ni pé ètò náà fún wọn ní ìdánilójú: bí wọ́n bá ṣe ipa tiwọn, òfin ẹ̀yà tó wà nínú ewu kò ní dá omi wọn dúró. Bí ẹ bá lọ bá àwọn tó ń lo omi láìmú ohunkóhun lọ́wọ́ fún wọn, ẹ má retí pé wọ́n á gbọ́.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: kàlẹ́ńdà omi

Níbí ni ẹja àti ẹyẹ ti ń kọlu ara wọn. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀.

1. Ẹ ya oṣù méjìlá sórí ìwé ńlá kan.
2. Ẹ fi ìlà kan fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sàmì sí ọ̀sẹ̀ tó ń yé, ọ̀sẹ̀ tí ẹyin ń pa, àti ọ̀sẹ̀ tí ọmọ á fi lè lúwẹ̀ẹ́ tàbí fò dáadáa.
3. Ẹ kọ omi tí kálukú ń fẹ́ sórí ìlà rẹ̀: omi ńlá, omi tó dúró sójú kan, tàbí omi kékeré.
4. Ẹ fi àwọ̀ pupa yí ọ̀sẹ̀ tí ìlà méjì ń béèrè ohun tó tako ara wọn po. Orí pupa yẹn ni ìpàdé yín yóò dá lé.

Ẹ má fojú kéré ìye ọjọ́ tí ẹyẹ ń lò nílẹ̀. Piping Plover ń yé ẹyin 4, ó ń sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 28, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì tún lo bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó fò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì tí omi kò gbọdọ̀ gun orí iyanrìn yẹn. Ti Least Tern kúrú díẹ̀: ẹyin 2 tàbí 3, bí ọjọ́ 21 lórí ẹyin, bí ọjọ́ 20 kí ọmọ tó gbéra. Bí ìtẹ́ àkọ́kọ́ bá bàjẹ́, wọ́n lè tún yé, àkókò náà á sì tún gùn sí i.

Ọ̀nà tó sábà ń tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn ni pé kí omi ńlá ṣáájú ìtẹ́. Ẹ tú u kí ẹyẹ tó yé ẹyin àkọ́kọ́: yóò hú koríko kúrò lórí iyanrìn, yóò pe ẹja lọ sí ibi ìyé, yóò sì fọ ẹrẹ̀ kúrò lára òkúta wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú omi wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó dúró. Bí ẹ bá pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, omi yẹn kan náà ni yóò kó ìtẹ́ lọ.

Mẹ́rin nínú àwọn àṣìṣe tó wà níbí:

Omi tó fà lójijì. Ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ ń gbé ní etí omi. Bí wọ́n bá ti ìdídò pa lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò há sínú kòtò lórí òkúta. Ẹ má jẹ́ kí ojú omi lọ sílẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 5 lọ ní wákàtí kan nígbà tí ọmọ wẹ́wẹ́ bá wà.

Omi tó kéré jù lásìkò ìtẹ́. Omi tó yí erékùṣù iyanrìn ká ni odi rẹ̀. Bó bá gbẹ níhà kan, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti ajá á fẹsẹ̀ rìn wọlé.

Omi ńlá tó dé kí ọmọ ẹja tó dé. Ní odò Green yẹn kan náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n máa ń tú omi láti ìdídò Flaming Gorge kí ó lè bá ìkún odò Yampa mu. Omi á wọ inú àbàtà nígbà tí ọmọ Razorback Sucker kò tíì pa. Láti 2012, wọ́n ń dúró títí àwọn tó ń fi àwọ̀n kékeré wá ọmọ ẹja yóò fi rí èyí àkọ́kọ́. Ìgbà náà ni wọ́n á tó tú omi. Wọ́n tún fi asẹ́ sí ẹnu ọ̀nà àbàtà Stewart Lake kí àwọn ẹja ńlá má bàa bá àwọn ọmọ wọlé. Àwọn ọmọ náà wá dàgbà níbẹ̀. Owó kékeré ni ìyípadà ọjọ́ yẹn ná wọn. Ojú tí wọ́n fi ṣọ́ odò ló ṣe é.

Omi tó wá láti ìsàlẹ̀ adágún. Omi ìsàlẹ̀ adágún ńlá máa ń tutù gan-an. Ẹja tó fẹ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò ní yé nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé omi tútù yẹn gan-an ni wọ́n ń fẹ́. Ẹ̀rọ tó lè fa omi láti orí tàbí ìsàlẹ̀ adágún ló ń yanjú èyí. Wọ́n fi irú rẹ̀ sí ìdídò Shasta ní California ní 1997 nítorí ẹja salmon tó ń yé ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bí ìkún omi bá ń bọ̀ tí ìtẹ́ sì ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ bẹ ẹni tó ń ṣàkóso ìdídò pé kó pín omi náà sórí ọjọ́ púpọ̀ kí gíga rẹ̀ lè dínkù. Èkejì, pẹ̀lú àṣẹ, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi iyanrìn gbé ìtẹ́ sókè díẹ̀díẹ̀, kí ó máa dúró wo bóyá ìyá padà sórí ẹyin lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan. Gbígbé ẹyin lọ sínú ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin ni ó kẹ́yìn pátápátá.

## Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ṣí ọ̀nà fún ẹja

Bí ìdídò bá jẹ́ ọ̀fun tóóró yín, ẹ yan nínú ọ̀nà mẹ́rin yìí. Èyí tó ṣáájú ló dára jù.

1. Ẹ wó ìdídò tí kò wúlò mọ́. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n wó ìdídò Edwards lórí odò Kennebec ní 1999, ẹja alewife tún wọ òkè odò náà lọ lọ́pọ̀ yanturu. Lórí odò Elwha, wọ́n fi 2011 sí 2014 wó méjì, salmon sì padà lọ sí òkè odò tí wọn kò ti dé fún ọgọ́rùn-ún ọdún.
2. Ẹ gbẹ́ odò kékeré tó yí ìdídò ká, tó rọra ń gòkè, tó ní òkúta àti ibi ìsinmi.
3. Ẹ kọ́ àtẹ̀gùn ẹja. Ẹ ṣe é fún ẹja *yín*: àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe fún salmon tó ń fò sókè kò wúlò fún sturgeon tó ń fà nílẹ̀.
4. Ẹ fi ọkọ̀ kó ẹja kọjá. Ẹ má jẹ́ kí èyí di ètò ayérayé.

Ẹnu àtẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ ń ṣe àṣìṣe sí. Ẹja ń tọ omi tó lágbára lọ. Bí ẹnu rẹ̀ bá wà níbi tí omi kò ti ṣàn, ẹja á máa yí níwájú ìdídò títí agbára rẹ̀ á fi tán. Ẹ sì rántí ọ̀nà àbọ̀: ọmọ ẹja gbọ́dọ̀ lè sọ̀kalẹ̀ padà láìgba inú ẹ̀rọ iná kọjá.

Ìkìlọ̀ méjì kí ẹ tó wó ìdídò. Ẹ yẹ ẹrẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wò fún májèlé. Nígbà tí wọ́n wó ìdídò Fort Edward lórí odò Hudson ní 1973, ẹrẹ̀ tó kún fún májèlé PCB ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ odò. Ẹ tún wo irú ẹja tó wà nísàlẹ̀. Nígbà mìíràn, ìdídò yẹn ni kò jẹ́ kí ẹja àjèjì gòkè lọ jẹ àwọn tó ṣẹ́kù.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí falẹ̀ o. Ẹja Chinese Paddlefish ní odò Yangtze, ní China, kò rí ọ̀nà gba ibi ìdídò Gezhouba kọjá láti 1981. Ọdún 2003 ni wọ́n rí i láàyè kẹ́yìn. Ní 2022, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń kọ orúkọ àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ewu sílẹ̀, kéde pé ó ti parun.

### Asẹ́ fún ẹ̀rọ tó ń fa omi

Gbogbo ẹ̀rọ tó ń fa omi sí oko tàbí ilé iṣẹ́ ń fa ọmọ ẹja. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún ọmọ salmon wẹ́wẹ́ ní Amẹ́ríkà nìyí: ihò asẹ́ kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju mìlímítà 2.4 lọ, omi tó ń wọ ojú asẹ́ kò sì gbọdọ̀ yára ju mítà 0.12 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ẹ̀rọ tó ń fa lítà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń fa mítà oníhà mẹ́ta 0.06. Ẹ fi 0.12 pín in: asẹ́ tó fẹ̀ tó ìdajì mítà oníhà mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Bí ewé bá dí ìdajì asẹ́, ìdajì tó kù ni yóò gba gbogbo omi, yóò sì lẹ ọmọ ẹja mọ́ ara rẹ̀. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ nígbà tí ewé bá ń wọ́ dà sómi.

## Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ tún ibi ìyé ṣe

Fún ẹja tó ń yé sórí òkúta. Ìdídò máa ń dá òkúta wẹ́wẹ́ dúró, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wá ku àpáta lásán. Ẹ kó òkúta róbótó tí wọ́n ti fọ̀, tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 1 sí 10, sí etí omi lókè, kí omi ńlá fúnra rẹ̀ pín in. Òkúta tí ẹ̀rọ fọ́, tó mú bí ọ̀bẹ, kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ẹ dí orísun ẹrẹ̀ ná. Bí oko òkè bá ṣì ń wọ́ erùpẹ̀ dà sómi, òkúta tuntun yín yóò di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ láàárín ọdún kan tàbí méjì.

Fún ẹyẹ tó ń yé sórí iyanrìn. Wọ́n fẹ́ ìhòòhò iyanrìn. Bí koríko bá ti bo ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, ẹ ti ń pẹ́. Ẹ ṣe é báyìí:

1. Ẹ wá gíga omi tó ga jù tó máa ń dé lásìkò ìtẹ́, kí ẹ fi ìdajì mítà lé e. Gíga iyanrìn yín nìyẹn.
2. Ẹ hú koríko àti igi kéékèèké kúrò kí àkókò ìyé tó dé. Ẹ má mú ẹ̀rọ ńlá débẹ̀ lẹ́yìn tí ẹyẹ bá ti dé.
3. Ẹ gé igi gíga tó wà nítòsí. Orí rẹ̀ ni àṣá àti òwìwí ti ń ṣọ́ ọmọ ẹyẹ.
4. Bí ẹyẹ kò bá wá, ẹ gbẹ́ ère tern mélòó kan síbẹ̀. Ẹyẹ tó ń gbé lẹ́gbẹ́ máa ń bà síbi tó bá ti rí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní odò Platte, wọ́n ti lérò pé omi ńlá fún ọjọ́ díẹ̀ yóò máa kọ́ erékùṣù iyanrìn fúnra rẹ̀. Erékùṣù tó kọ́ kò ga tó fún ìtẹ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n wá fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, àti iyanrìn ibi tí wọ́n ti wa yẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n rí i pé kò ṣiṣẹ́, wọ́n sì yí ètò padà.

Whooping Crane kò wá yé ẹyin lórí Platte. Ó ń sùn níbẹ̀ lójú ìrìn àjò ni. Omi tí kò jinlẹ̀ ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, nínú odò tó fẹ̀, tí igi kò dí ojú rẹ̀, ló ń fẹ́. Wáyà iná tó kọjá lókè odò sì máa ń pa á: ẹ ní kí ilé iṣẹ́ iná fi àmì tó ń mì sára rẹ̀. Ẹyẹ yìí kù nǹkan bí 20 péré ní 1941. Kò sí èyí tí ẹ lè fi ṣòfò.

## Ìgbésẹ̀ keje: ẹ dín ohun tó ń pa wọ́n kù

- Ẹja àjèjì. Ẹ mú wọn ní ibi tí wọ́n ti ń yé, lásìkò tí wọ́n ń yé. Ẹ dí orísun wọn náà: adágún tó ń tú wọn jáde nílò àwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.
- Ọgbà wáyà yí ìtẹ́ ká. Ó dára fún plover, tó ń fẹsẹ̀ rìn wọ ìtẹ́. Ẹ má lò ó fún tern, tó ń fò bà tààrà láti òkè. Ẹ gbé e kalẹ̀ lẹ́yìn tí ẹyin bá ti pé, kí ẹ ṣọ́ ọ. Bí àṣá bá ti kọ́ láti dúró dè ìyá lẹ́nu rẹ̀, ẹ tú u lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àgbà tó kú kò ní arọ́pò kíákíá. Fún tern, ọgbà tí iná mànàmáná díẹ̀ ń gbà kọjá, tó yí gbogbo agbo ká, ló sàn jù.
- Òjé. Ẹyẹ omi ń gbé òjé ìwọ̀ mì bí òkúta wẹ́wẹ́, ó sì ń pa wọ́n. Bìrìtéènì fòfin de títa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láti 1987 nítorí ẹyẹ swan. Irin àti òkúta lè rọ́pò rẹ̀.
- Àwọ̀n tó já sómi. Ó ń mú ẹja àti ẹyẹ lọ láìsí ẹni tó ni ín. Ẹ bá àwọn apẹja ṣètò ọjọ́ tí ẹ ó máa kó o.
- Ẹsẹ̀ èèyàn àti ajá. Okùn àti pátákó ìkìlọ̀ yí iyanrìn ká lásìkò ìtẹ́. Ó rọrùn, ó sì ń ṣiṣẹ́.

## Ìgbésẹ̀ kẹjọ: ọmọ ẹja dídà

Ẹ dé ibí nígbà tí ìgbésẹ̀ kejì bá ti sọ fún yín pé ohun tó ń pa wọ́n ti dínkù, tàbí nígbà tí àwọn tó kù kéré débi pé wọn kò lè dúró dè yín.

1. Ẹ mú ìyá àti bàbá láti inú odò yẹn gan-an. Ẹja láti odò mìíràn lè gbé àbùdá tí kò bá ibẹ̀ mu wọlé.
2. Ẹ lo òbí púpọ̀. Àádọ́ta tó ń bímọ bó ṣe yẹ ni àwọn onímọ̀ sábà ń kà sí ìpẹ̀kun ìsàlẹ̀ kí ìbátan má bàa máa bá ìbátan lòpọ̀.
3. Ẹ mú iye ọmọ kan náà láti ọ̀dọ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan. Bí ìyá kan bá pèsè ìdajì gbogbo ọmọ tí ẹ dà, odò yóò kún fún ọmọ ìyá kan.
4. Ẹ yẹ àìsàn wò kí wọ́n tó kúrò nínú ọgbà ìsìn ẹja.
5. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tóbi. Razorback Sucker tó gùn tó mìlímítà 300 kí wọ́n tó dà á sómi ń yè ju àwọn kéékèèké lọ, nítorí ẹja àjèjì kò lè gbé e mì.
6. Ẹ fi àmì sí gbogbo wọn. Láìsí àmì, ẹ kò ní mọ ọmọ tí odò bí yàtọ̀ sí èyí tí ẹ dà.
7. Lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ dà wọ́n, ẹ wọn ooru omi ọkọ̀ àti ti odò. Bí ìyàtọ̀ bá ju 2°C lọ, ẹ máa bu omi odò sínú ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi bá ara wọn mu.
8. Ẹ dà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, sí ibi púpọ̀, nínú omi tó dákẹ́. Bí gbogbo wọn bá bọ́ sójú kan, àwọn tó ń jẹ wọ́n á kóra jọ síbẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: ìgbà wo ni ẹ ó dúró?

Ó yẹ kí ẹ ti kọ ìdáhùn èyí sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ojú àánú kò ní jẹ́ kí ẹ rí i. Ẹ má fi iye ẹja inú odò nìkan ṣe ìwọ̀n. Ohun tí ẹ ń wá ni ẹja *tí kò ní àmì*: ọmọ tí odò bí fúnra rẹ̀, tó dàgbà, tó sì yé ẹyin tirẹ̀. Bí àwọn yẹn bá ń pọ̀ sí i fún ọdún bíi mélòó kan léraléra, ẹ dín ọmọ dídà kù díẹ̀díẹ̀ kí ẹ wo bóyá iye wọn á dúró. Fún ẹyẹ, ẹ ka ọmọ tó fò lórí ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan. Iye ìtẹ́ lè pọ̀ kí ọmọ má sì sí.

Bí wọ́n bá yọ ẹ̀yà kan kúrò nínú ìwé àwọn ẹ̀yà tó wà nínú ewu, bí wọ́n ti yọ Least Tern ti àárín Amẹ́ríkà ní 2021, òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ fún ọdún márùn-ún sí i, ó kéré tán. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà, bí òfin yín kò tilẹ̀ sọ ọ́. Kí ìpàdé ìkẹyìn tó tú ká, ẹ yẹ mẹ́ta wò: ṣé àdéhùn omi ṣì wà lórí ìwé lẹ́yìn tí owó ètò bá tán? Ta ni yóò máa hú koríko kúrò lórí iyanrìn lọ́dọọdún? Ta ni yóò fọ asẹ́?